Ìyá Igi Ni Ká Yẹ̀ Wò: Bí A Ṣe Ń Pèsè, Bí A Ṣe Ń Tà, Bí A Sì Ṣe Ń Ra Ọ̀gbìn Ọsàn àti Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Ara Rẹ̀ Dá

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àrùn bunchy top ti wọ̀ lára lè wà lẹ́yìn ọkọ̀ kó máa dán, kí ẹni tó ń rà á má rí àléébù kankan. Ó lè tó oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n gbìn ín kí àmì tó yọ. Nígbà náà, owó ti kúrò lápò, ẹni tó tà á ti bá tirẹ̀ lọ, kòkòrò sì ti ń gbé àrùn láti ìdí kan dé òmíràn. Ti ọsàn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáírọ́ọ̀sì tristeza lè wà lára igi fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí igi máa so, kí àwọn oníṣẹ́ nọ́sìrì máa gé ojú (ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń là) lára rẹ̀ lẹ̀ mọ́ igi mìíràn, kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ rẹ̀ ti dé oko olóko kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣàyẹ̀wò ọmọ nìkan ti pẹ́ dé. Ìyá tí wọ́n ti mú ọmọ náà ni ká yẹ̀ wò, ká sì lè fi ìwé tọ ipa ọmọ kọ̀ọ̀kan padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Orí èyí ni gbogbo òfin tó nítumọ̀ lórí títa ọ̀gbìn èso dúró lé.

Iléeṣẹ́ tó kàn yín

NASC ni ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó irúgbìn ní Nàìjíríà. Òfin 2019, tó rọ́pò ti 1992, ni wọ́n ń lò báyìí. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹni tó fẹ́ fi irúgbìn ṣòwò ti ń forúkọ sílẹ̀, àwọn ló sì lágbára láti gbé ẹni tó ta ayédèrú lọ sí kóòtù. NAQS, tí òfin 2017 gbé ró, ló ni ẹnu ibodè: ọ̀gbìn tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá, wọ́n sì ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Moor Plantation n'Íbàdàn. NIHORT ní tiwọn, láti 1975 ni wọ́n ti wà ní Ìdí-Ìṣin n'Íbàdàn. Iléeṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ ni, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè ojú ọsàn tí a mọ ìtàn rẹ̀ kí ẹ tó lọ gé e lẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó ta ọ̀gbìn kan ṣoṣo, ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò yín, àwòrán ilẹ̀ nọ́sìrì, orúkọ irú igi tí ẹ fẹ́ máa tà àti àkọsílẹ̀ ibi tí ìyá igi wà, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì NASC tó bá sún mọ́ yín. Ìbéèrè tí aṣàyẹ̀wò tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, “Níbo lẹ ti mú ojú yìí?” Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ “ọ̀rẹ́ wa kan ló fún wa,” iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ìyá ọsàn, kí ẹ sì dán an wò

Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ìyá igi kọ̀ọ̀kan: V-01, V-02 fún irú ọsàn Valencia, A-01 fún irú Agege 1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tó ti so fún ìgbà mẹ́ta ó kéré tán ni kí ẹ mú, kí ẹ lè mọ irú èso rẹ̀ dájú. Èyí tí èèpo ìdí rẹ̀ ń sun gọ́ọ̀mù, tí ẹ̀ka òkè rẹ̀ ń gbẹ, tàbí tí èso rẹ̀ kéré láìnídìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ojú lásán kò rí tristeza. Ẹni tí kò lágbára àyẹ̀wò láàbù lè lo ọsàn wẹ́wẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, nítorí òun ló máa ń tètè fi àmì àrùn yìí hàn. Ẹ hu ọsàn wẹ́wẹ́ láti inú kóró. Fún ìyá igi kọ̀ọ̀kan, ẹ lo mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti tó pẹ́ńsù ní ìnípọn, ẹ lẹ ojú méjì láti ara ìyá igi náà mọ́ mẹ́ta nínú wọn, kí ẹ fi ìkẹrin sílẹ̀ láìlẹ nǹkan kan mọ́ ọn kó lè jẹ́ òdiwọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ojú náà bá ti mú, ẹ gé orí wọn kí ewé tuntun lè yọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà títí dé oṣù kẹta, ẹ máa mú ewé tuntun tó ṣì rọ̀, kí ẹ gbé e sí oòrùn, kí ẹ wò ó láti abẹ́. Ìṣàn ewé tí ara rẹ̀ dá dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti èyí tí tristeza wà lára rẹ̀ já sí wẹ́wẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ yọ bí òwú tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, lábẹ́ ìbòòji. Ooru tó bá kọjá 32°C máa ń bo àmì náà mọ́lẹ̀, ẹ óò wá rò pé igi mọ́ nígbà tí kò mọ́.

Igi tó yege lónìí lè kó àrùn lọ́la, nítorí aphid dúdú, kòkòrò kékeré tó ń jókòó sí orí ewé tuntun, ló ń gbé tristeza kiri. Ẹ máa tún un dán wò lọ́dọọdún. Bí agbára bá wà, ẹ gbin ìyá igi méjì mẹ́ta sínú ilé àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há débi pé aphid kò lè gbà á wọlé. Ní ìpínlẹ̀ São Paulo ní Brazil, láti 2003 ni òfin kò ti gba kí wọ́n hu ọ̀gbìn ọsàn títà ní gbangba mọ́. Inú ilé àwọ̀n nìkan ni. Ojú wọn ti rí nǹkan: ní àwọn ọdún 1930 sí 1940, tristeza pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ igi ọsàn níbẹ̀, àwọn náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ yìí, tó túmọ̀ sí ìbànújẹ́ ní èdè Potogí.

Kòkòrò kan tún wà tí gbogbo oníṣẹ́ nọ́sìrì ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ dá mọ̀. Ní 2020, àwọn onímọ̀ tẹ ìròyìn jáde pé wọ́n ti rí psyllid ọsàn ti Éṣíà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òun ló ń gbé àrùn greening, èyí tó ti ba oko ọsàn Florida jẹ́ láti 2005. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nígbà náà, wọn ò rí kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà náà, epo ti wà nílẹ̀, iná ni kò tíì dé. Ojú ọsàn kan tí ẹnìkan fi pamọ́ sínú báàgì láti òkè òkun wá ló lè jẹ́ ìṣáná náà.

Psyllid kò ju mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Bó bá bà sórí ewé, ó máa ń rẹ orí sílẹ̀ kó gbé ìdí sókè, ìjókòó yìí lẹ lè fi dá a mọ̀. Ọmọ rẹ̀ pọ́n bí epo tó fọ́ lójú, ó pẹlẹbẹ, ó máa ń wà lórí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ó sì ń yọ nǹkan funfun ká-ká-ká bí okùn àbẹ́là lára. Ẹ máa yẹ ewé tuntun wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì gbin òdòdó Murraya sí ìtòsí nọ́sìrì ọsàn, nítorí ibẹ̀ ni psyllid fẹ́ràn láti máa bí sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: igi ìdí àti ilẹ̀

Igi ìdí ni èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ máa wà nínú ilẹ̀. Irú ọsàn tí wọ́n ń pè ní Cleopatra àti rough lemon ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe lo ọsàn kíkan lábẹ́ ọsàn dídùn. Bí tristeza bá wọ irú igi bẹ́ẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ á kú níbi tí wọ́n ti so méjèèjì pọ̀, ohun tí ewé ń sè kò ní dé gbòǹgbò mọ́, igi á sì rọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú èso lórí.

Ẹ yọ kóró láti inú èso tí ẹ já lórí igi, kì í ṣe èyí tó jábọ́, nítorí Phytophthora, àrùn inú ilẹ̀ tó ń mú gbòǹgbò àti ìdí igi jẹrà, lè ti wà níbi tó jábọ́ sí. Ẹ fọ ọ̀rìn rẹ̀ kúrò. Ẹ gbé omi kaná tó 52°C, ẹ fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n, ẹ di kóró sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ rì í bọ omi náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gééré. Ẹ máa bu omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ sí i bó bá ń lọ sílẹ̀. Bó bá kọjá 55, kóró á kú. Bó bá wà ní 45, àrùn kò ní kú. Ẹ sá a síbi ìbòòji, kí ẹ gbìn ín láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kóró ọsàn tó bá gbẹ pátápátá kì í hù.

Kóró Cleopatra àti rough lemon kan lè hu ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń jọ ìyá wọn gẹ́lẹ́. Èyí tó kúrú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó lọ́, tàbí tí ewé rẹ̀ yàtọ̀, ẹ fà á tu. Kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, bí ẹ bá sì lẹ ojú mọ́ ọn, igi yẹn ò ní bá àwọn yòókù dọ́gba lóko.

Ilẹ̀ tí ẹ máa rọ sínú láílọ̀nù ọ̀gbìn rèé: ilẹ̀ ìwọ̀n méjì, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa ìwọ̀n kan, iyanrìn odò ìwọ̀n kan. Ẹ pò ó, ẹ rọ omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sè é nínú àgbá. Tẹmómítà tó bá fi 80°C hàn láàárín ilẹ̀ náà fún ìdajì wákàtí ti tó. Ẹni tí kò ní tẹmómítà lè ri ọ̀dùnkún kékeré kan mọ́ àárín rẹ̀; bó bá jinná dénú, ilẹ̀ náà ti mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn lè ṣe é: ẹ tẹ́ ilẹ̀ tútù náà sílẹ̀ ní ìnípọn 15 sẹ̀ńtímítà, ẹ fi ọ̀rá tó ń jẹ́ ká rí òdìkejì bò ó, ẹ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọ̀rá dúdú kò ní jẹ́ kí oòrùn wọlé tó.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni lẹ́yìn sísè. Wọ́n á se ilẹ̀ tán, wọ́n á dà á sórí ilẹ̀ lásán, ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ro oko ni wọ́n á fi kó o. Ẹ dà á sórí ọ̀rá tàbí símẹ́ǹtì tí ẹ ti fọ̀. Ẹ to láílọ̀nù sórí pákó tàbí òkúta wẹ́wẹ́, kí òjò má baà ta ẹrẹ̀ sí i lára. Omi kànga tàbí bọ́hòòlù ni kí ẹ fi bomi rin, kì í ṣe omi odò tàbí adágún, nítorí Phytophthora mọ omi wẹ̀, inú omi ló ń gbà rin ìrìn àjò rẹ̀. Ẹ gbé ẹnu ọ́ọ̀sì kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó sùn nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lílẹ ojú

Ìdí igi tó bá ti tó pẹ́ńsù ní nǹkan bí 20 sí 25 sẹ̀ńtímítà sókè láti ilẹ̀ ti ṣe é lẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ jù. Ara ọsàn dídùn kò lè dúró níwájú Phytophthora, ti Cleopatra lè farada á. Bí ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ bá kan ilẹ̀, ìdí á jẹrà.

Ọ̀bẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tan àrùn. Exocortis, tó máa ń bó èèpo igi ìdí, ọwọ́ ọ̀bẹ ló ń gbà kọjá, iná ìṣáná tí wọ́n fi ń jó ojú ọ̀bẹ kì í sì í pa á. Ẹ ra bílíìṣì ilé, kí ẹ po ìwọ̀n ife kan mọ́ ife omi márùn-ún, kí ẹ ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá ti ara ìyá igi kan bọ́ sí òmíràn, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án. Omi bílíìṣì yìí kì í sùn mọ́jú. Lárààárọ̀ ni kí ẹ po tuntun. Ẹ fi epo díẹ̀ ra ọ̀bẹ lálẹ́, kó má dípẹtà.

Ẹ la èèpo bíi lẹ́tà T, ẹ ti ojú tó gùn tó sẹ̀ńtímítà méjì bọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin. Lẹ́yìn ọjọ́ 14 sí 21, ẹ tú u. Ojú tó bá tutù yọ̀ ti mú, èyí tó bá dúdú ti kú. Ẹ tẹ orí igi ìdí kọ́, kí agbára lè lọ sí ojú tuntun, kí ẹ sì máa já gbogbo ẹ̀ka tó bá yọ nísàlẹ̀ ojú náà. Tó bá ti ga tó 30 sẹ̀ńtímítà láti ibi tí ẹ lẹ̀ ẹ́, tí ewé rẹ̀ sì ti le, ó ṣe é tà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀

Nǹkan méjì ni ẹ ń bá jà níbí, oògùn wọn ò sì jọra. Nematode, ìyẹn aràn kéékèèké inú ilẹ̀, àti kòkòrò tó ń dá ihò sí ìdí, omi gbígbóná ń pa wọ́n. Bunchy top kò gbọ́ omi gbígbóná rárá, inú ẹ̀jẹ̀ igi ló wà. Láàárín 2010 sí 2013 ni àwọn onímọ̀ kọ̀wé rẹ̀ ní Benin àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń gbé láti oko dé oko ló sì ń gbé e jìnnà jù lọ.

Fún bunchy top, oko ìyá nìkan ni ìdáhùn. Ẹ rìn ín já kí ẹ tó wa ọmọ kan. Ẹ wo ọrùn ewé láti ẹ̀yìn: bí ẹ bá rí ìlà kéékèèké aláwọ̀ ewé tó dúdú, òmíràn gùn, òmíràn jẹ́ tó-tó, bí ìgbà tí ẹnìkan fi bírò sàmì sí i, òun nìyẹn. Nígbà tó bá yá, ewé tuntun á dín kù, á nàró, etí rẹ̀ á pọ́n, gbogbo wọn á fún pọ̀ lórí bí ìgbálẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo tó bá ní àmì yìí, ẹ má mú ọmọ kankan nínú oko náà. Ìdí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè ti gbé e, àmì ni kò tíì hàn.

Ẹ má kàn fa ìdí tó ṣàìsàn tu. Aphid tó ń gbé bunchy top, tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀, á fò lọ síbòmíràn. Ẹ kọ́kọ́ fọ́n oògùn kòkòrò sí i, pàápàá inú ewé tó ká, kí ẹ dúró dọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó wú gbogbo ìdí náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọmọ kan tí ẹ bá gbàgbé nínú ilẹ̀ ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ padà.

Bí oko bá mọ́, ẹ yan ọmọ tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà, tí ìdí rẹ̀ sì tóbi. Ibi tí ẹ ti wà á náà ni kí ẹ ti gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ọ̀bẹ họ ara rẹ̀ títí yóò fi funfun. Ẹ má gbé èèpo dé oko tuntun, inú rẹ̀ ni ẹyin kòkòrò wà. Èyí tí ihò ti wọ inú rẹ̀ lọ jìn, tàbí tó ní ojú dúdú tí híhọ kò mú kúrò, ẹ sọ nù. Ẹ ri ìyókù bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ kà á sókè, ẹ má fojú díwọ̀n, nítorí tó bá pẹ́ jù, inú rẹ̀ á jinná. Ẹ tẹ́ ẹ síbi ìbòòji kó gbẹ, kó má kan ilẹ̀ oko àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: káàdì àti ìwé

Ọ̀gbìn tí kò ní káàdì kò ní ìyá. Káàdì kan lára láílọ̀nù lè kà báyìí: “Valencia lórí Cleopatra. Ìyá V-07. A lẹ̀ ẹ́ ní 14/3. Ẹgbẹ́ 3.” Lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ nọ́sìrì àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, yíǹkì bírò kì í pẹ́ nínú òjò. Fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, káàdì kan fún ẹrù kọ̀ọ̀kan ti tó: irú rẹ̀, oko ìyá, ọjọ́ tí ẹ wà á, ọjọ́ tí ẹ ṣàyẹ̀wò oko.

Inú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ kọ ẹni tó ra ẹgbẹ́ wo, iye tó rà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ìlú tó gbé e lọ. Bí àrùn bá yọ lára V-07 lẹ́yìn ọdún kan, ìwé yìí ló máa jẹ́ kí ẹ lè pe gbogbo àwọn tó ra ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Láìsí i, kò sẹ́ni tó mọ oko tí ó ti dé.

Fún ẹ̀yin tó ń rà

Ẹ ní kí wọ́n tú láílọ̀nù kan nínú àádọ́ta, ẹ̀yin ni kí ẹ sì mú un. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú garawa. Gbòǹgbò tó dá ní orí funfun. Bí èèpo rẹ̀ bá ń bọ́ sí yín lọ́wọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, tó ku okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ nìkan, Phytophthora ti wà nílẹ̀ náà. Bí erùpẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn tí fífọ̀ kò mú un kúrò, ẹ fura sí nematode. Bí gbòǹgbò olórí bá ká bí ìkọ́, igi á so díẹ̀, atẹ́gùn á wó o. Ẹ wo ibi tí wọ́n lẹ̀ ọ́n, kó ga kúrò nílẹ̀, kí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e má sì gé e lọ́rùn mọ́.

Ẹ ká ewé ọsàn kan sí méjì láti gígùn. Bí ìpọ́n ojú ewé apá kan kò bá bá tèkejì mu, ó lè jẹ́ àmì greening; ẹ má rà á, ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí NIHORT tàbí NAQS. Èyí tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ilẹ̀ ló ń dín kù lára rẹ̀, apá méjèèjì ló máa ń jọra.

Ní ibodè

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀gbìn wọlé láti Benin, Togo tàbí òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ NAQS kí ọ̀gbìn tó kúrò níbẹ̀, kì í ṣe tó bá dé Ìdìrókò tàbí pápákọ̀ òfurufú. Ìjọba orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀ náà gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn, kí orúkọ igi àti iye inú ìwé méjèèjì bára mu. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tó ń wù láti mú ọmọ ọsàn ilé lọ, òfin ibẹ̀ kò gba igi ọsàn láti ilẹ̀ wa wọlé. Bí ẹ bá ń gbé ọ̀gbìn jáde fún títà, ẹ pe òṣìṣẹ́ NAQS wá sí nọ́sìrì nígbà tí ọ̀gbìn ṣì wà nínú ilé àwọ̀n, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn, kí ẹ ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yín sí ojú ewé ìyá igi náà kó tó dé.